Ilé Ìwé Tí Ẹ Ní Kí N Lọ Bá Yín Wò

Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Mo lérò pé ara yín le, pé iṣẹ́ òru kò tíì jẹ ọ́ tán, àti pé ẹ̀yìn tó máa ń dun ọkọ rẹ nítorí ìjókòó nídìí kọ̀ǹpútà ti fi í lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀. Jọ̀ọ́, máa jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Tíì nìkan kì í ṣe oúnjẹ, bó ti wù kí ife rẹ̀ tóbi tó. Ara tiwa náà le. Màmá rẹ wà bó ṣe wà: orúnkún rẹ̀ ń han, òun náà ń han mọ́ orúnkún. Ọmọ rẹ, Kílódé, kò ṣàìsàn rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí náà wá ibi kan jókòó sí, má ka lẹ́tà yìí lórí ìdúró.

Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ mọ ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù bí àwọn èèyàn. Mo pè ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, o ní aláìsàn kan ń dà ọ́ láàmú, o ní o máa padà pè mí, mo ṣì ń retí ẹ. Ìgbà kejì, kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, o ti sọ mẹ́rin, ọkọ rẹ sì ń dá sí i láti ẹ̀yìn bí ẹni tó wà nínú àgbá. Lẹ́tà ló dáa. Kò sẹ́ni tó lè já lu ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà. Màmá rẹ nìkan ló ń gbìyànjú ẹ̀, nítorí ó jókòó tì mí, ó ń ka ohun tí mò ń kọ, ó sì ti ní kí n yọ ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn kúrò. Mi ò ní yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Láti ìgbà tí onílé ti gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwé aládàáni tí Kílódé ń lọ, tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀ pa, ọmọ náà ti ń jókòó sílé pẹ̀lú àwa àgbà méjì, ó ń wo bí a ṣe ń sùn lórí àga. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọlé ìwé, tirẹ̀ ṣì ń dúró de ìpinnu. Ìpinnu yín wá dé: kó máa lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ obìnrin, ní ìlú tí mọ́tò ń fi odindi ọjọ́ rìn kó tó dé, nítorí ilé ìwé kan tí gbogbo ayé ń ròyìn wà níbẹ̀. Ilé ìwé ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé wa níbí, ẹ ní kò dáa. Mo ní ṣé ẹ ti wọ ibẹ̀ rí, o ní o ti rí i lórí fóònù. Lẹ́yìn ìgbà tí mo pariwo, lo wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí n sáà lọ bá yín wò ó, kí n fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ọmọ ọdún méje, ẹ fẹ́ kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹni tó rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi ìgbéyàwó kan, ẹ̀yìn rẹ ló sì wà nígbà yẹn.

Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ. Ó pè wá lórí fóònù, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ń tọ̀ sílé, bóyá ó ń sọ̀rọ̀ jù, bóyá ó lè dá aṣọ rẹ̀ ká. Màmá rẹ dá a lóhùn pé kì í tọ̀ sílé. Àwọn ìbéèrè yòókù, kò fèsì sí wọn.

Ìràwọ̀ tí àwọn èèyàn fún ilé ìwé náà lórí fóònù, tí o wò yẹn, mo ní kí oníṣòwò fóònù tó wà ní ìkóríta bá mi ṣí i. Lóòótọ́, ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo wá ní kó jẹ́ kí n ka ohun tí àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ kọ. Ẹnìkan ń bínú pé kò síbi tí òun lè gbé mọ́tò sí. Òmíràn ní ẹ̀wù òtútù ọmọ òun sọnù, wọn ò sì bá òun wá a. Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ bá ilé ìwé jà rárá, ilé ìfowópamọ́ tó wà lódìkejì títì ló ń bú, ó ṣèèṣì já a sí ojúlé àwọn ọmọdé ni. Ohun tí ẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí yunifásítì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ náà kò jẹ́ kí n rímú mí. O mọ bí ó ṣe máa ń fi ohùn ránṣẹ́, ohùn tó gùn tó ìwàásù ọjọ́ Àìkú. Ó ní kí n bi wọ́n bóyá wọ́n ní yàrá kọ̀ǹpútà, bóyá wọ́n ń kọ́ wọn ní èdè ilẹ̀ òkèèrè, àti pé ọmọ mélòó ni tíṣà kọ̀ọ̀kan ń bójú tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fi ọmọ tirẹ̀ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń gun ẹṣin, tó sì jẹ́ pé nígbà tí ọmọ náà wá kí wa, kò lè wo aago ara ògiri, ó ní kí n fi fóònù mi hàn òun. Mo ní mo gbọ́. Mi ò lókun àríyànjiyàn mọ́.

Kí n tó lọ síbẹ̀, mo kọ́kọ́ wádìí ládùúgbò. Onígbàjámọ̀ wa ní ilé ìwé gidi ni, pé àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń kí òun dáadáa tí wọ́n bá wọ ṣọ́ọ̀bù òun. Aránṣọ tí wọ́n jọ pín ògiri ní irọ́ ni, pé súwíìtì orí tábìlì ni wọ́n ń kí. Obìnrin tó ń ta oògùn ní ọmọ òun méjèèjì jáde níbẹ̀, ọ̀kan ń ṣe dáadáa, èkejì ni ká má sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo padà sílé pẹ̀lú orí tó wú. Màmá rẹ ní ṣé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ la fẹ́ fi ọmọ náà sí ni, tí mi ò fi lọ wo ilé ìwé.

Ọjọ́ Ajé ni mo wọ ẹ̀wù mi tó dáa, mo lọ. Mo ti ránṣẹ́ síwájú pé mò ń bọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣì í ṣe. Ọ̀dà tí wọ́n kùn sára géètì kò tíì gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ mi lápá. Ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin kan tí ara rẹ̀ kún, tó fi kọ́kọ́rọ́ kan kọ́rùn, ti ń dúró dè mí pẹ̀lú ẹ̀rín. Kíláàsì kejì, níbi tí Kílódé máa wọ̀, la kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀gá ní kí ẹnìkan dìde kàwé fún bàbá. Ọmọbìnrin kékeré kan tó lẹ pílásítà mọ́ àgbọ̀n dìde, ó ka odindi ojú ìwé kan geere, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Inú mi dùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá mú mi lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́, ó mú mi lọ wo ọgbà òdòdó tí òdòdó inú rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ, ó ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò kánjú. A wọ kíláàsì kẹta. Ó tún ní kí ẹnìkan dìde. Ẹni tó dìde ní ìlà ẹ̀yìn lẹ pílásítà mọ́ àgbọ̀n. Mo rò pé ojú mi ni. Mo bọ́ awò, mo nù ún. Nígbà tá a fi máa dé kíláàsì kẹrin, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ibi tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí hàn mí títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ọmọ yìí kan náà ló tún jókòó sáàárín àwọn tó fi orí ga jù ú lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré.

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Ọmọ dáadáa, kíláàsì wo gan-an lo wà?"

Ó wo ọ̀gá, ó wò mí. Ó ní, "Kíláàsì kejì ni, bàbá. Àmọ́ tí àlejò bá ti wá, gbogbo ẹ̀ ni mo wà."

Ọ̀gá húkọ́. Àwọn ọmọ yòókù ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ti mọ́ wọn lára.

Mo fi ìbínú rìn délé. Mo ní òdo ni máàkì mi, kí wọ́n di ẹrù ọmọ náà. Mo ti gbé bírò láti kọ̀wé sí ọ pé ẹ̀yin lẹ jàre, ìyẹn sì ń dùn mí ju ọ̀dà ara ẹ̀wù mi lọ. Màmá rẹ ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó dáa. Ta ló wá kọ́ ọmọ yẹn ní ìwé kíkà?" Mo ní ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó ní ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. O mọ màmá rẹ. Tó bá ti sọ irú ẹ̀ báyìí, á dákẹ́, á máa ká aṣọ ẹ̀ lọ, á wá ku ìwọ àti ọ̀rọ̀ náà nínú yàrá.

Lọ́jọ́rú, mo tún lọ. Mi ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Màmá rẹ ti lọ fi orúnkún han dókítà, kò sí ẹni tí mo lè fi Kílódé tì, nítorí náà mo fà á lọ́wọ́, a jọ lọ. Òjò ń rọ̀. Kò sẹ́ni tó dúró dè wá ní géètì. A yà tààrà sí kíláàsì kejì, mo ní ṣé a lè jókòó díẹ̀. Tíṣà ibẹ̀ tọ́ka sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kò wulẹ̀ dá iṣẹ́ dúró nítorí mi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ há. Tó bá fẹ́ kí wọ́n dákẹ́, kì í pariwo, ńṣe ló máa ń rẹ ohùn náà sílẹ̀ sí i, àwọn ọmọ á wá pa ẹnu mọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Òrùlé ń jò ní igun kan. Wọ́n ti gbé garawa síbẹ̀, wọ́n ti sún bẹ́ǹṣì kúrò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wo garawa náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ pọ̀, wọ́n fún mọ́ra.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń kọ́ wọn fún ọ. Ìwé kíkà ò kárí, nítorí náà ó ti so wọ́n pọ̀ ní méjìméjì, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà díẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà, ìwé kan láàárín wọn. Òfin rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣí ojú ìwé tó kàn, àfi tí ẹnì kejì rẹ̀ bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ ka èyí tí wọ́n wà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà wá ń làágùn ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà lọ, nítorí ó fẹ́ mọ ibi tí ìtàn náà yọrí sí. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń bẹ ẹnì kejì rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá. Mo rí òmíràn tó fi ìka tọ lẹ́tà kan títí ìka fi fẹ́ lu ìwé. Ọ̀gá ò nílò láti máa gbé ọmọ ọlọ́pílásítà yẹn sáré kiri nínú kíláàsì yìí. Ibi tó bá na ọwọ́ sí, ẹni tó máa kàwé wà níbẹ̀.

Bí tíṣà ṣe rí Kílódé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rò pé ọmọ tuntun ni. Ó gbé ìwé fún un, ó ní kó kà díẹ̀ kí òun lè mọ ẹni tí òun máa so ó mọ́. Mo tún ìjókòó mi ṣe. Mo ní wọ́n máa rí nǹkan lónìí. Ṣebí alaalẹ́ ló ń kàwé fún ọ lórí fóònù, tí ìwọ ń gbà á sílẹ̀, tí o ń fi ránṣẹ́ sí tẹbí tọ̀rẹ́. Ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ fúnra rẹ̀ ní òun ò tíì rí ọmọ tó ń kàwé tó bẹ́ẹ̀. Ṣebí káàdì ilé ìwé aládàáni ṣì wà lára ògiri wa, ipò kìíní gàdàgbà.

Kílódé wo àwòrán ojú ìwé náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tó dùn, tó bá àwòrán mu, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀ tó wà nínú ìwé. Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán. Ọmọ náà dákẹ́. Tíṣà tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kúkurú. Ó dákẹ́. Ó tọ́ka sí èyí tó tún kúrú jù ú lọ. Ọmọ rẹ yíjú, ó wò mí, mi ò sì lè sọ bí ojú náà ṣe rí fún ọ.

Kò mọ̀wé kà. Mo kọ ọ́ báyìí kí o lè rí i bí mo ṣe rí i. Ìwé ìtàn mẹ́ta tí ẹ rà fún un, orí ló há gbogbo wọn sí, títí kan ibi tó yẹ kéèyàn ti mí, títí kan ìgbà tó yẹ kó ṣí ojú ìwé. A ò sì fún un ní ìkẹrin rí, nítorí mẹ́ta yẹn ló ń dùn mọ́ wa létí. Ilé ìwé aládàáni tí ẹ ń sanwó fún ò rí i. Ẹ̀yin ò rí i. Èmi tí mo jókòó tì í lójoojúmọ́ ò rí i. Mo wá ń bínú sí obìnrin tó ń gbé ọmọ kan kiri láti yàrá dé yàrá. Àwa ńkọ́, láti fóònù dé fóònù?

Tíṣà náà fi ohùn rẹ̀ tó há yẹn bá mi sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú sí i, bàbá. Ọmọ yín gbọ́n. Ó gbọ́n débi pé kò sẹ́ni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ."

Nígbà tá à ń bọ̀ nílé, kò bi mí ní ohunkóhun. Ọmọ tí a sọ ní Kílódé nítorí pé kò sí ohun tí kì í béèrè ìdí ẹ̀, ó rìn láti géètì ilé ìwé dé ẹnu ọ̀nà wa láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tá a délé ló fa ẹ̀wù mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi." Mo ní mo gbọ́. Mi ò ṣèlérí. Ìwọ lo bí i, ẹ̀tọ́ rẹ ni kí o mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, tó o bá pè, má ní kó kàwé fún ọ. Bi í léèrè ẹni tó bá ṣeré. Bi í léèrè ohun tó jẹ. Tó bá fúnra rẹ̀ gbé ìwé wá, gbọ́ ọ, kí o má gbà á sílẹ̀, kí o má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kankan.

Mo sọ fún màmá rẹ nígbà tó dé. Ó ní òun ti ń fura, pé ọjọ́ kan wà tí ọmọ náà dorí ìwé kodò, tó sì ń kà á lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kí ló wá ṣe tí o ò fi sọ? Ó ní ariwo àtẹ́wọ́ wa pọ̀ jù. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo tún padà lọ bá ọ̀gá ilé ìwé ní Ọjọ́bọ̀, nítorí mi ò fẹ́ fi ìdajì ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ní ọjọ́ yẹn kò sí ẹ̀rín, kò sí ọgbà òdòdó. Kíláàsì kẹrin ò ní tíṣà. Èyí tó wà níbẹ̀ lọ bímọ, kò padà, wọn ò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń sá wọ ibẹ̀ láàárín iṣẹ́ tirẹ̀, á kọ nǹkan sí pátákó, á tún sá jáde. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì ló wà, ọ̀kan ti bàjẹ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló fi kọ́rùn kí ọmọ má bàa wọ ibẹ̀. Kò fi èyíkéyìí pa mọ́ fún mi mọ́. Mo ní kí ló wá ń fi ọmọ kékeré yẹn ṣe? Kò bá mi jà. Ó jókòó.

Ó ní, "Bàbá, tí mo bá fi yàrá tí kò ní tíṣà han àwọn òbí, wọ́n á kó ọmọ wọn lọ. Tí ọmọ bá ti dín kù, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ á ní kí ni mo fẹ́ fi tíṣà ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ sọ èyí tó yẹ kí n ṣe fún mi."

Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí mo lè kọjú ẹ̀ sí mọ́.

Ó dáa, máàkì yín dà? Mi ò rí máàkì fún. Èwo nínú ẹ̀ ni kí n fún, kíláàsì kejì àbí ìkẹrin? Àbí garawa? Ohun tí mo rí ni mo kọ yìí. Ohun tí mo tún ṣe ni pé, ní Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà, mo fi Kílódé sílẹ̀ lọ́dọ̀ tíṣà olóhùn há yẹn, mo sì tún mú un lọ lánàá. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ yín. Tó bá bí yín nínú, ẹ bínú, mo ti jókòó dè é. Ṣùgbọ́n ronú ẹ̀ wò. Ilé ìwé olókìkí tí ẹ fẹ́ gbé e lọ yẹn, ìdánwò ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe fún un. Wọ́n á gbé ìwé tí kò mọ̀ síwájú ẹ̀, nínú ìlú tí kò mọ̀, kò ní sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tó lè yíjú wò. Àṣírí yẹn ni ọmọ náà ì bá máa dá gbé kiri nílé onílé, ìwọ á sì máa pè é lálaalẹ́ pé kó kàwé fún ọ.

Mi ò ní kí ẹ gbà mí gbọ́. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ kó dúró tì wá, ojú mi lè ti bò. Gba ìsinmi ọjọ́ kan, kí o wá. Má ránṣẹ́ síwájú, má wọ aṣọ tó dáa. Lọ jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kejì, kí o tún lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ìkẹrin, kí o wo àwọn ọmọ tó ń wo pátákó tí kò sí ẹnì kankan níwájú ẹ̀. Tó o bá wò ó tán tó o ní ó ṣì yẹ kó lọ, èmi fúnra mi ni màá gbé ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀, mi ò sì ní sọ̀rọ̀.

Tó bá sì dúró, a jẹ́ pé kíláàsì kẹrin di ọ̀rọ̀ wa. Ọdún méjì péré ló kù kó débẹ̀. Ìwọ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ọ́fíìsì fi ń dáhùn; kọ ọ́, èmi á gbé e yíká àdúgbò kí àwọn òbí fọwọ́ sí i. Onígbàjámọ̀ àti aránṣọ ti ní àwọn á fọwọ́ sí i, bí wọn ò tiẹ̀ tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ohùn gígùn tó máa ń fi ránṣẹ́ sí mi yẹn, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ni kó máa fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n á fún wa ní tíṣà kí wọ́n lè sinmi.

Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Èèyàn tọ́ ọmọ tán, ó rò pé òun máa wá fi ẹsẹ̀ lélẹ̀, àwọn ọmọ náà á tún kó ọmọ tiwọn dé. Mi ò sọ ọ́ kó dùn ọ́. Kí Ọlọ́run pa ẹ̀yin méjèèjì mọ́ lọ́nà iṣẹ́, kí àwọn tí o ń tọ́jú gbádùn, kí ìwọ náà sì rí ẹni tọ́jú ọ. Kí ọwọ́ yín má ṣe dí débi tí ojú yín ò fi ní tó ọmọ yín. Kí ẹ pẹ́ láyé títí ẹ ó fi jẹ ìgbádùn ohun tí ẹ ń torí rẹ̀ sáré yìí, àwa náà ká wà níbẹ̀ ká máa ráhùn sí yín lórí.

Èmi ni bàbá rẹ tí ẹ ti tán ní sùúrù, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀,

Bàbá Àgbà Kílódé.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé pa nígbà tí ẹnìkan kan ìlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan ni, eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, ó ní òun ni tíṣà so mọ́ Kílódé. Ìwé wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Màmá rẹ sọ fún un pé Sátidé lòní, kò sí ilé ìwé. Ó ní òun mọ̀, mà. Ó ní ewúrẹ́ inú ìtàn àwọn ti já sínú kànga láti àná, òun ò sì lè mọ̀ bóyá wọ́n yọ ọ́ àfi tí Kílódé bá ka ojú ìwé yẹn. Àwọn méjèèjì wà lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé báyìí. Ọmọ yẹn ò láàánú rárá, kò jẹ́ kó wo àwòrán. Mò ń gbọ́ tí Kílódé ń pe ọ̀rọ̀ kan, ó dúró, ó tún pe òmíràn, ó bínú, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Màmá rẹ ti gbé omi lọ fún wọn. Ewúrẹ́ náà ò tíì jáde.